Abọ́ Dígí Mẹ́ta: Ìtàn Àtùpà Poul Henningsen

Ẹ ó ti rí àtùpà yìí rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Abọ́ dígí funfun mẹ́ta ni, tí wọ́n dojú wọn dé, tí ọ̀kan wà lórí èkejì: èyí tó tóbi jù wà lókè, èyí tó kéré jù wà nísàlẹ̀. Wọ́n so ó rọ̀ láti àjà, ó sì sábà máa ń wà lókè tábìlì oúnjẹ. Nínú fíìmù, nínú ìwé ìròyìn tó ń fi ilé rèǹtèrente hàn, nínú ilé ìtura olówó gọbọi, òun náà ni. Àtùpà PH ni àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ń pè é, ìyẹn lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó ṣe é, Poul Henningsen.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á nítorí pé ó rẹwà. Mi ò bá wọn jà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbi ẹwà kò tíì mọ ohun tí àtùpà náà wà fún. Ìbéèrè kan ni Henningsen ń wá ìdáhùn sí: nígbà tí iná mànàmáná bá wọlé ẹni, báwo ni a ṣe lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí ó má máa gún wa lójú? Abọ́ mẹ́ta yẹn ni ìdáhùn rẹ̀. Ìtàn ìdáhùn náà ni mo fẹ́ sọ lónìí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohun tí wọ́n rò fún ilé gbogbo ayé di ohun ọ̀ṣọ́ àwọn olówó.

Iná tó mọ́lẹ̀ jù

Wọ́n bí Henningsen ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1894 ní Ordrup, lẹ́bàá Copenhagen tí í ṣe olú ìlú Dẹ́ńmáàkì. Nígbà èwe rẹ̀, àtùpà elépo kẹrosíìnì ni ọ̀pọ̀ ilé ń tàn lálẹ́. Àtùpà elépo ní àléébù tirẹ̀: ó ń rú èéfín, ó ń rùn, bí ọwọ́ bá sì ṣèèṣì gbá a, ilé lè jó. Ṣùgbọ́n iná rẹ̀ tutù lójú. Ènìyàn lè wò ó tààrà kí omi má bọ́ lójú rẹ̀. Ìdílé á jókòó yí i ká, ẹnì kan á máa kàwé, ẹlòmíràn á máa ránṣọ, wọ́n á sì máa rí ojú ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni iná mànàmáná dé. Gílóòbù tí Thomas Edison gbé jáde ní 1879 kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ rekọjá, torí okùn èédú tíńtín ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan yí padà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tungsten ṣe okùn náà, nítorí tungsten lè fara da ooru tó ju èyí tí èédú lè gbà lọ. Ní 1913, Irving Langmuir, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá rọ gáàsì sínú gílóòbù, dípò kí a kàn fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, okùn tungsten lè gbóná sí i láìtètè jó tán. Láti ìgbà náà ni gílóòbù ti di oòrùn kékeré nínú ilé.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn ń ti ojú kan ṣoṣo jáde, ojú kan tí kò tóbi ju èékánná lọ. Tí ènìyàn bá gbójú sókè wo irú iná bẹ́ẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ á sún kì láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ti sún kì tán, gbogbo ibi yòókù nínú yàrá á wá ṣú lójú onítọ̀hún. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú rú? A fi iná kún iná, ìríran wá dín kù. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: àṣejù, baba àṣetẹ́.

Oríṣi ọgbọ́n méjì ni àwọn ènìyàn ń dá sí i. Àwọn kan fi aṣọ sílíìkì bo gílóòbù. Aṣọ náà gbé ìmọ́lẹ̀ mì, yàrá ṣókùnkùn, owó iná sì ń lọ lásán. Àwọn mìíràn fi bọ́ọ̀lù dígí funfun bò ó. Bọ́ọ̀lù náà ń tàn sókè, sísàlẹ̀ àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ bákan náà: ó ń wọ ẹni tó jókòó lójú, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń dé orí ìwé tí onítọ̀hún ń kà.

Ní Dẹ́ńmáàkì, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fojú di. Ní ìparí oṣù kejìlá, oòrùn kì í yọ ní Copenhagen títí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ á fi kọjá, á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bíi wákàtí méje péré ni ojúmọ́. Òṣìṣẹ́ á jáde nínú òkùnkùn, á wọlé nínú òkùnkùn. Abẹ́ iná ni tọkọtaya àti àwọn ọmọ ti ń rí ara wọn. Bí iná ilé bá burú, ìdajì ayé ẹni ní ìgbà òtútù náà burú nìyẹn.

Ọkùnrin tí kò lè pa ẹnu mọ́

Òǹkọ̀wé ni ìyá Henningsen, Agnes Henningsen. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ nípa iṣẹ́ ilé yíyà, ṣùgbọ́n kò gba ìwé ẹ̀rí ayàwòrán-ilé. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ó lè máa bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó gbà á. Láti 1926 sí 1928, òun ni olóòtú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní Kritisk Revy. Ó máa ń kọ orin fún àwọn eré orí ìtàgé pẹ̀lú. Òṣèlú àwọn tó fẹ́ràn mẹ̀kúnnù ló ń ṣe, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Nínú Kritisk Revy ló ti kọjú sí àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ rẹ̀. Kókó ohun tó bá wọn sọ kò le láti mọ̀: ẹ̀yin ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo gíro fún olówó kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni ife ìmumi tó dára, àwo tó dára, ṣíbí tó dára, tí òṣìṣẹ́ lè rà, kò sí lọ́jà. Lójú tirẹ̀, ojúṣe oníṣẹ́ ọnà ni láti ṣe ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ dáadáa, kí ẹ̀rọ àti ilé iṣẹ́ ńlá sì bá wa sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. A ó padà sí i nígbà tí a bá dé orí owó.

Láti Paris dé Forum

Ilé iṣẹ́ Louis Poulsen ló bá Henningsen ṣe àtùpà rẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé Louis Poulsen ni orúkọ ẹni tó ya àtùpà yìí. Rárá o, ilé iṣẹ́ ni. Wáìnì ni wọ́n ń kó wọ Dẹ́ńmáàkì nígbà tí wọ́n dá òwò náà sílẹ̀ ní 1874. Nígbà tí iná mànàmáná di ọjà tó ń lọ, wọ́n yà sí ibẹ̀. Ní 1924 ni ilé iṣẹ́ náà àti Henningsen bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣiṣẹ́.

Ní 1925, ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní Paris fún iṣẹ́ ọnà àti ohun èlò ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ti yọ orúkọ Art Deco. Àtùpà tí Henningsen gbé lọ síbẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Irin ni wọ́n fi ṣe abọ́ rẹ̀, abọ́ náà sì pọ̀ ju mẹ́ta lọ. Àtùpà tó dára ni, àmọ́ èrò náà kò tíì pọ́n tán.

Ibi tó ti pọ́n ni Forum, gbọ̀ngàn ìpàtẹ tuntun tí wọ́n ṣí ní Copenhagen ní 1926. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ síbẹ̀. Ẹ ro ó wò: gbọ̀ngàn gbàràmù, ọkọ̀ dídán lóríṣiríṣi nílẹ̀, èrò ń wọ́ tìrítìrí. Bí ẹnì kan bá so gílóòbù ìhòòhò sókè, ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á di dígí tí yóò máa ju iná náà padà sójú èrò. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀, kò sì gbọdọ̀ gún ojú. Níbẹ̀ ni Henningsen ti dín abọ́ rẹ̀ kù sí mẹ́ta, tí ó sì ṣírò ìrísí wọn délẹ̀délẹ̀.

Ìṣirò inú ìkarahun ìgbín

Ẹ wo ìkarahun ìgbín. Bí ìgbín ṣe ń dàgbà ni ilé rẹ̀ ń fẹ̀, ṣùgbọ́n ìrísí ilé náà kì í yí padà. Irú ìlà tó ń yí po, tó sì ń fẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní logarithmic spiral. Àbùdá rẹ̀ kan nìyí: bí ẹ bá fa ìlà gbọọrọ láti àárín gbùngbùn rẹ̀ lọ kan ibikíbi lára rẹ̀, igun kan náà ni ìlà méjèèjì á máa ṣe níbi tí wọ́n bá ti pàdé.

Henningsen gbé okùn iná inú gílóòbù sí àárín gbùngbùn yẹn, ó sì fi ìlà tó ń yí po náà ṣe òṣùwọ̀n ìrísí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ibi yòówù tí ìtànṣán bá ti kan abọ́, igun kan náà ló fi ń kàn án. Abọ́ á wá dá ìtànṣán náà padà sísàlẹ̀ àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà tí ènìyàn ti mọ̀ ṣáájú. Abọ́ òkè ló ń tan iná ká yàrá, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ń bójú tó tábìlì àti àyíká rẹ̀. Ètí abọ́ kan sì dé ibi tí òmíràn kò lè bò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jókòó tàbí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kò ní rí gílóòbù náà lójú rárá. Iná tó ti kan abọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ojú wa ń rí.

Àǹfààní kejì wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà yìí kì í dáwọ́ dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọlẹ̀ láti orí tábìlì títí dé ara ògiri. Nítorí bẹ́ẹ̀, òjìji abẹ́ rẹ̀ rọ̀, kò mú bí ọ̀bẹ. Henningsen ka òjìji sí gan-an. Òjìji ló ń jẹ́ kí a mọ̀ pé imú yọ síta, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rí roboto, pé èso inú abọ́ tutù yọ̀yọ̀. Bí òjìji bá le jù, ojú ènìyàn á rí bí ojú egúngún. Bí kò bá sí òjìji rárá, á rí pẹlẹbẹ bí àwòrán ara ògiri. Àárín méjèèjì ni àtùpà náà ń wá.

Iṣẹ́ dígí

Nísinsìnyí, kí ló dé tó fi jẹ́ dígí? Irin náà ń dá iná padà, wọ́n sì ti fi bàbà àti irin tí wọ́n kùn lọ́dà ṣe àtùpà PH púpọ̀. Ṣùgbọ́n irin kì í jẹ́ kí iná kọjá. Abẹ́ rẹ̀ á mọ́lẹ̀, òkè rẹ̀ á ṣókùnkùn. Nínú gbọ̀ngàn tàbí ilé iṣẹ́, kò sí wàhálà. Nínú yàrá kékeré tí àjà rẹ̀ sún mọ́ orí, òkùnkùn òkè yẹn á tẹ ara ilé mọ́lẹ̀.

Dígí tí wọ́n lò kì í ṣe irú èyí tí a ń rí lójú fèrèsé. Funfun bí omi wàrà ni, ìpele mẹ́ta sì ni: dígí funfun fẹ́lẹ́ wà láàárín, èyí tó mọ́ gaara wà lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ á fi ọ̀pá oníhò kó dígí tó ti yọ́ nínú iná ìléru, ìpele lórí ìpele, á sì fi ẹnu fọn ọ́n títí yóò fi gba ìrísí tí wọ́n fẹ́. Tó bá tutù tán, wọ́n á gé e, wọ́n á sì tún etí rẹ̀ ṣe. Òkè abọ́ ń dán. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi yanrìn tí afẹ́fẹ́ alágbára ń tú jáde gún, títí dídán á fi kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ wà fún ohun kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Inú tí kò dán ni kì í jẹ́ kí ẹ rí àwòrán gílóòbù lára abọ́ bí ẹni wo dígí ìwojú. Ó ń fọ́n ìtànṣán ká. Funfun àárín ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà sísàlẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìwọ̀nba díẹ̀ yọ́ kọjá lọ sí òkè, sí ara àjà àti ògiri. Ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ló sọ àtùpà gbọ̀ngàn di àtùpà ilé.

Ọ̀nà tó gbà rìn

Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ bíi PH 3/2, ẹ má jẹ́ kí ó rú yín lójú. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí abọ́ òkè ṣe fẹ̀ tó: 3 túmọ̀ sí bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Nọ́ńbà kejì ń sọ irú ìwọ̀n tí wọ́n mú abọ́ méjì ìsàlẹ̀ láti inú rẹ̀. Oníbàárà lè mú èyí tó kéré fún yàrá kékeré, èyí tó tóbi fún gbọ̀ngàn. Ìṣirò kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Èrò ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tó pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn.

Kò pẹ́ tí àtùpà náà fi kọjá ààlà Dẹ́ńmáàkì. Nígbà tí Ludwig Mies van der Rohe, ayàwòrán-ilé ará Jámánì, kọ́ Villa Tugendhat sí ìlú Brno ní ilẹ̀ Czech, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1930, àtùpà Henningsen wà nínú ilé náà. Ilé yẹn wà lára àwọn ilé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ilé yíyà títí dòní.

Ogun Àgbáyé Kejì wá dé. Jámánì gba Dẹ́ńmáàkì ní 1940, òfin sì jáde pé iná kò gbọdọ̀ hàn sójú ọ̀run lóru. Ní 1941, Henningsen ya àtùpà kan fún Tivoli, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà láàárín Copenhagen, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ nìkan, tí ọkọ̀ òfúrufú kò fi lè rí i láti òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbà náà ṣe lè ṣí títí di ọ̀gànjọ́. Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ kan náà ni: ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi gílóòbù pa mọ́ fún ojú ẹni tó ń jẹun, á mọ bí a ṣe ń fi í pa mọ́ fún ojú awakọ̀ òfúrufú. Ní 1943, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Júù, Henningsen àti Arne Jacobsen, ayàwòrán-ilé tó jẹ́ ọmọ Júù, fi ọkọ̀ ojú omi kékeré sá kọjá Øresund lọ sí Swídìn.

Ní 1958, ó gbé PH 5 jáde. Irin ni èyí, kò sí abọ́ dígí níbẹ̀, ó sì fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Ibẹ̀ ni 5 ti wá. Ìbínú wà nínú àtùpà yìí. Àwọn tó ń ṣe gílóòbù ń yí gígùn àti ìrísí rẹ̀ padà bó ṣe wù wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni bí okùn iná bá ti kúrò ní àárín gbùngbùn, ìṣirò abọ́ mẹ́ta dàrú. Henningsen wá ṣe àtùpà tí yóò fi gílóòbù pa mọ́ láìka irú tó jẹ́ sí. PH 5 wọ ilé púpọ̀ ní Dẹ́ńmáàkì, ó sì sún mọ́ àlá rẹ̀ nípa mẹ̀kúnnù ju ti dígí lọ. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1967.

Ọ̀rọ̀ dé orí owó

Ní 2006, ìjọba Dẹ́ńmáàkì to àwọn iṣẹ́ tí wọ́n kà sí ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà jọ, àtùpà PH sì wà níbẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ìsọ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta abọ́ dígí mẹ́ta náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún owó euro ni. Àtùpà ọkùnrin tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọnà jà pé wọn kò ro ti òṣìṣẹ́ ti di ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò láti ìta fèrèsé ìsọ̀.

Mi ò ní dá ilé iṣẹ́ nìkan lẹ́bi. Dígí tí a fi ẹnu fọn kì í yá bí ike tí ẹ̀rọ tẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ayédèrú wá kún ìgboro. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á rántí pé kí òfin tó yí padà ní 2016, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba ṣíṣe àwòkọ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n bá ti gbé e sọ́jà. Ṣé ayédèrú náà burú? Bí mo ṣe rí i nìyí: èyí tó kó ìrísí tí kò kó ìṣirò, òun ló burú. Bí etí abọ́ bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì kúrú, gílóòbù á yọjú. Bó bá ti yọjú, abọ́ mẹ́ta lásán ni ẹ so kọ́.

Ojúlówó pàápàá kò bọ́ nínú ewu yìí. Láàárín 2009 sí 2012 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù mú gílóòbù olókùn tungsten kúrò lọ́jà díẹ̀díẹ̀, LED sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá ti LED funfun gbòò, tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, bọ inú àtùpà 1926 ti ba iṣẹ́ tó fi owó ńlá rà jẹ́. Ó ti ra ẹwà, ó ti pàdánù ìdáhùn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ogún tó ṣe pàtàkì jù lọ́wọ́ Henningsen kò sí nínú dígí. Ó wà nínú àṣà wíwo ibi tí iná ń lọ kí a tó wo bí àtùpà ṣe rí, ẹnikẹ́ni ló sì lè ní i láìná kọ́bọ̀. Lálẹ́ òní, bí iná bá wà, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti ń jẹun, kí ẹ gbójú sókè. Bí gílóòbù bá ń wò yín lójú kòrókòró, iná yín kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sún mọ́ tábìlì, bíi 60 sẹ̀ǹtímítà sí orí rẹ̀. Ẹ fi nǹkan tí kò lè jó, tí inú rẹ̀ funfun tí kò sì dán, dé e lórí títí ẹ kò fi ní rí gílóòbù mọ́ láti orí àga. Kí ẹ wá wo ojú àwọn tí ẹ jọ ń jẹun.